Ikọ́ Tó Ń Bẹ̀rẹ̀ Orin

Iṣẹ́ tí wọ́n ń torí rẹ̀ san owó oṣù fún ọkùnrin yìí ni pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wúkọ́. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ìgbaniṣíṣẹ́ kọ́ nìyẹn o. “Olùtọ́jú ilé ìkàwé” ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kì í sá lọ, ìwé kì í pariwo, èèyàn tó ń ka ìwé ló nílò ìtọ́jú. Nítorí náà, láti àárọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, orí àga gíga kan lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí, tí yóò ká ọwọ́ lérí tábìlì, tí yóò máa fi etí wá ikọ́ kiri bí ológbò tó ń fi etí wá eku. Ẹni tó bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, yóò wò ó. Bí onítọ̀hún bá tún un wú, yóò na ìka ìfábẹ̀lá sókè. Bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, yóò dìde, yóò fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn lọ bá a, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá a pa ìwé rẹ̀ dé. “Ẹ dákẹ́” ni gbólóhùn kan ṣoṣo tí àwọn òǹkàwé gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Òun náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ: Bàbá Ẹ-Dákẹ́.

Bí ẹ bá sọ fún àwọn òǹkàwé wọ̀nyẹn pé Bàbá Ẹ-Dákẹ́ ti fìgbà kan rí lu ìlù nínú ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì, ẹgbẹ́ tí ariwo rẹ̀ fọ́ dígí fèrèsé ilé ẹjọ́ kan nígbà tí adájọ́ wà lórí ìjókòó, wọn yóò ní kí ẹ rọra máa purọ́. Àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ gan-an kò gbà á gbọ́. Àwòrán kan wà lára ògiri pálọ̀, níbi tí ọkùnrin kan tí irun rẹ̀ balẹ̀ dé èjìká gbé na igi ìlù sókè tó sì la ẹnu gbàgà. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin wo àwòrán náà títí lọ́jọ́ kan, ó ní, “Dádì, ọ̀rẹ́ yín wo nìyí?”

Kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òun ni.

Ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì olówùú, ló ti kọ́ṣẹ́ ní kékeré. Ẹni tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀dì olówùú gbọ́dọ̀ máa fi igi méjì na òwú kó lè fẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti mọ igi í lù, láti ibẹ̀ náà ni eruku òwú ti wọ̀ ọ́ láyà tí ikọ́ fi di ará ilé rẹ̀. Nígbà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, Oníkọ́ ni wọ́n ń pè é. Òpó ló ń kọrin tó sì ń ta gìtá. Ó ga, ó tín-ín-rín, kò sì sí ohun tó máa ń rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ ọ́. Ẹnì kejì, tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, ni Jẹ́jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan lóòjọ́ ti pọ̀ jù fún Jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbohùn sílẹ̀, ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Òpó ní kí àwọn ka ení títí dé ẹẹ́rin kí àwọn tó wọ inú orin. Jẹ́jẹ́ na ìka mẹ́ta sókè. Níbi tí wọ́n ti ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ni eruku àárọ̀ yẹn ti rin Oníkọ́ lọ́fun, ó wúkọ́ kan báyìí, “hùkú-hùkú-hẹ̀ẹ̀”, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ títí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi bá ara wọn láàárín orin, ẹsẹ̀ wọn bára mu bíi ti ẹni tó ti ń jọ rìn láti inú oyún. Orin yẹn ló sọ wọ́n di olókìkí. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kà á mọ́. Bí Oníkọ́ kò bá tíì wúkọ́, orin kò tíì bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì ti wúkọ́, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé Òpó ń mu omi lọ́wọ́. Àwọn kan sọ ọ́ kiri pé ọgbọ́n ìpolówó ni wọ́n fi ikọ́ náà ta. Irọ́ ni wọ́n pa. Ikọ́ gidi ni, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ sójú.

Ohun tó tú ẹgbẹ́ náà ká kò ṣeé sọ létí àlejò. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú mọ́tò ni wọ́n torí rẹ̀ jà. Òpó ní ẹsẹ̀ òun gùn, òun ló yẹ kó jókòó síbẹ̀. Oníkọ́ ní òun nílò afẹ́fẹ́. Jẹ́jẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ wá la ẹnu, ó ní, “Èmi.” Ibẹ̀ ni wọ́n ti yà. Òpó lọ ń kọ́ èèyàn ní mọ́tò wíwà, Jẹ́jẹ́ lọ ń tún fíríìjì ṣe, ó sì lé lógún ọdún tí wọn kò fojú kan ara wọn.

Ẹgbẹ́ tú ká, ikọ́ kò tú ká. Àfi ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó rẹ̀. Aránṣọ ni obìnrin náà, kò sì sí ohun tí ó máa ń bẹ̀rẹ̀ tí kì í parí. Ó fi omi gbígbóná lé ikọ́ náà, ó fi oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, ó mú ọkọ rẹ̀ kúrò nídìí òwú, ó bẹ̀bẹ̀ títí tí wọ́n fi gbà á sílé ìkàwé, nítorí pé ibẹ̀ tutù, ó sì dákẹ́. Oṣù àkọ́kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá nu eruku ara ìwé. Ó gba ọdún púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn, àyà ọkọ rẹ̀ mọ́ kedere bí omi òjò inú àwo.

Bí ayé ṣe wà nìyẹn, kí Òpó tó ti ilẹ̀kùn ilé ìkàwé wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kó sì fi ohùn olórin pariwo pé, “Oníkọ́, ṣé ìwọ rèé?”

Ọwọ́ ló mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí ọkùnrin wa tó mọ̀, ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ ti wà lókè. Òpó tún pariwo. Òpó rẹ́rìn-ín kèèkè. Ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin wa dìde, ó fà á lọ́wọ́, ó mú un jáde, ó sì tẹ̀ lé e dé orí àtẹ̀gùn ìta.

“O lé mi jáde,” Òpó wí.

“O pariwo.”

“Ogún ọdún ó lé tí a ti rí ara wa kẹ́yìn, o sì lé mi jáde?”

“Wọ́n ń kàwé.”

Òpó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ká ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ jọ bí ẹni ń ká àga ìnàyìn. “Obìnrin kan ni mo ń kọ́ ní mọ́tò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Rédíò gbé orin wa sáfẹ́fẹ́. Mo ní kó gbé e sókè díẹ̀. Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ àwọn wọ̀nyí ni? Ó mà ṣe o, gbogbo wọn ló ti kú.’ Mo ní kó páàkì. Mo ní ta ló sọ fún un. Ó ní ta ni kò mọ̀, pé oníkọ́ yẹn ló kọ́kọ́ lọ.”

“Èmi?”

“Ìwọ ni wọ́n fi ṣíwájú. Ó ní pẹ̀lú irú ikọ́ yẹn, kí lẹ tún ń rò?”

Ọ̀rọ̀ náà ká ọkùnrin wa lára. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún wo Òpó. “Kí wá ni ká ṣe?”

“Àwo orin tuntun. Odindi àwo kan, kí ayé lè mọ̀ pé a wà láàyè. Mo ti lọ bá Jẹ́jẹ́.”

“Kí ló wí?”

“Ó ní, ‘Ó dáa.’”

“Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ńkọ́?”

“Oníkálukú yóò wọ mọ́tò tirẹ̀.”

Ọkùnrin wa ń fi ìka lu orí àtẹ̀gùn. Orin kan wà nínú rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí. Ọdún tí ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀ lórí àìsàn ló kọ ọ́, ó kọ ọ́ nípa obìnrin náà, kò sì lè fi ẹnu kọ ọ́ fún un, nítorí pé kò sí èémí tí yóò fi kọ ọ́ nígbà yẹn. Nígbà tí èémí padà dé, ojú ń tì í. “Mo gbà,” ó wí, “bí orin kan tó jẹ́ tèmi bá lè wà nínú rẹ̀. Orin ìyàwó mi ni. Ó gùn díẹ̀.”

“Báwo ló ṣe gùn tó?”

“Ó gùn.”

“A ó fi ṣe ìkẹyìn,” Òpó wí. “Bí àkókò bá wà.”

Ìyẹn ni ohun tí ọkùnrin wa gbé sọ́kàn. Kì í ṣe òkìkí. Ó fẹ́ kí orin yẹn wà níbì kan tí ìyàwó rẹ̀ ti lè gbọ́ ọ, kí òun má sì sí nítòsí tí yóò fi máa wo ojú rẹ̀. Ó délé, ó sọ fún un pé wọ́n ní kí òun wá lu ìlù. Ti orin náà, kò mẹ́nu bà á.

“Ìlù nìkan?” ìyàwó rẹ̀ bi í láìgbójú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ.

“Ìlù nìkan, Ìyá wọn.”

“Kò séruku ńbẹ̀?”

“Kò séruku.”

“Ẹ máa lọ. Ẹ wọ síwẹ́tà.”

Obìnrin kan ló ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ tí wọ́n lọ, obìnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, tó sì máa ń jẹ bisikíìtì bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń mí. Ó ní wọ́n lè máa lo yàrá náà títí di ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì; lẹ́yìn náà, àwọn tó ń polówó ọṣẹ ló ni ín. Wọ́n jókòó sídìí irin iṣẹ́ wọn. Òpó gbé gìtá kọ́rùn. Jẹ́jẹ́ di tirẹ̀ mú. Ọkùnrin wa gbé igi ìlù méjèèjì sókè. Obìnrin náà tẹ bọ́tìnì, ó ní, “Ó yá.”

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ń wo ara wọn. Obìnrin náà jẹ bisikíìtì kan tán, ó mú òmíràn. “Kí ni à ń dúró dè?” ó béèrè.

“Ikọ́,” Òpó wí. Ó yíjú sí onílù. “Wúkọ́.”

Ọkùnrin wa gbìyànjú. Ó ní, “Ẹ̀hẹ̀m.” Kí Òpó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dáhùn pé, “Ẹ wọlé.”

“Ti àlejò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn,” Jẹ́jẹ́ wí. Ó sọ ọ́ tán, ó sinmi.

Ó tún gbìyànjú. Òpó ní èyí jọ ti bàbá ìyàwó tó fẹ́ sọ fún ọkọ ọmọ rẹ̀ pé kò wu òun. Ó tún gbìyànjú títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ, ṣùgbọ́n àyà tó mọ́, ó mọ́ náà ni. Kò sí ohun tí a lè bù níbi tí kò sí nǹkan.

“Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kà á fún yín,” obìnrin náà wí. “Yóò máa dún létí yín, tó, tó, tó, tó. Ẹ ó kàn wọlé ni.”

Ó fi ohun ìbotí sí wọn létí, ó tan ẹ̀rọ náà. Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ díẹ̀, ó bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo abẹ́ tábìlì.

“Kí lẹ ń wá, ẹ̀gbọ́n?”

“Fíríìjì.”

“Kò sí fíríìjì níbí.”

“Ó wà,” Jẹ́jẹ́ wí. “Ó fẹ́ tan, kò lè tan ni.” Wọ́n ní kí ó padà wá jókòó, ó kọ̀, fíríìjì tó ń ṣe báyẹn, ó ní, kò ní pẹ́ jóná. Ti Òpó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Létí tirẹ̀, tírafíkétọ̀ mọ́tò ló ń dún, ọdún tó ti lò nídìí iṣẹ́ rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó lè gbọ́ tírafíkétọ̀ kí ó má bojú wẹ̀yìn. Bó bá ti yẹ kí ó la ẹnu kọrin, yóò kọ́kọ́ wo èjìká ọ̀tún, yóò wo tòsì, ẹnu rẹ̀ yóò sì kúrò níwájú gbohùngbohùn.

“Ẹ ò ṣe kúkú fi ẹnu yín ka ení, èjì?” obìnrin náà wí.

“Títí dé ẹẹ́rin,” Òpó wí.

Jẹ́jẹ́ na ìka mẹ́ta sókè lábẹ́ tábìlì. Ogún ọdún kì í ṣe títí láé. Ìjà àtijọ́ tún fẹ́ gbérí. Òpó gbé gìtá rẹ̀ kalẹ̀, ó fa onílù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Lọ wá ikọ́ rẹ rí,” ó wí. “Bí kò bá sí ikọ́, kò sí àwo. Bí kò bá sí àwo, kò sí orin gígùn rẹ yẹn.”

Báyìí ni ọkùnrin tó ti fi ọdún tó pọ̀ lé ikọ́ kiri ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ikọ́ kiri. Ó jí, ó fi omi tútù wẹ̀, ó dúró nínú ìrì pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Kò mú un. Ó lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ ńlá tó ń tú èéfín dúdú, ó mí sínú títí tí awakọ̀ fi sọ̀ kalẹ̀ wá bi í bóyá ó sọ nǹkan nù. Kò mú un. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ ń dán sí i. Obìnrin tó ń gbé lójúkojú ilé wọn kí i pé, “Ẹ kú ìgbádùn o, Bàbá Ẹ-Dákẹ́. Ẹ fi ohun tí ẹ ń jẹ hàn wá.”

Ó wá rántí òwú. Àbúrò bàbá rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù báyìí, fóòmù sì ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì olówùú kan ṣì wà lẹ́yìnkùlé, tó ti gbó, tí adìyẹ ń yé ẹyin sí.

“Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?” ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ bi í.

“Mo kàn fẹ́ nà án ni.”

Wọ́n fún un ní igi méjì. Ó nà án bí ẹni tí bẹ́ẹ̀dì náà bá bàbá rẹ̀ jà. Eruku bo ojú ọ̀run, adìyẹ sá, àwọn tó wá ra fóòmù pagbo yí i ká, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ bá ìlù náà lọ. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó dúró, ó la ẹnu, ó ń retí. Ohun kan ń bọ̀. Ó dé imú rẹ̀. Ó sín.

Sísín kọ́ ni wọ́n ní kó lọ wá. Inú bí i, ó relé. Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó wò ó, ó na ọwọ́, ó mú nǹkan funfun kan kúrò lórí rẹ̀.

“Kí lèyí, Bàbá wọn?”

“Ó dà bí i pé òwú ni.”

“Mo mọ̀ pé òwú ni. Aránṣọ ni mí. Kí ló ń ṣe lórí yín?”

Kò lè purọ́ fún un, ó sọ ọ́, láti orí omi tútù títí dé orí adìyẹ. Ìyàwó rẹ̀ kò pariwo. Ó jókòó.

“Ẹ rántí ọjọ́ tí èémí kọ̀ tí kò wọlé,” ó wí. “Tí mo gbé yín jókòó, tí mo ń gbọ́ bí àyà yín ṣe ń súfèé. Mo ní, Ọlọ́run, fún un ní èémí kan sí i, mi ò ní béèrè òmíràn. Ó fún yín. Mo tún ní ẹyọ kan péré. Bí mo ṣe ń tàn án lọ nìyẹn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni. Èyí tí mo sì fi ẹ̀bẹ̀ gbà, ẹ lọ ń wá bí ẹ ó ṣe dá a padà.”

Ọkùnrin wa ṣa òwú tó kù kúrò lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó sọ fún Òpó pé òun kò ní wúkọ́ mọ́ láyé, kí wọ́n wá onílù mìíràn.

“Ta ló ń wá onílù?” Òpó wí. “Ìlù tìrẹ là ń fẹ́. Ikọ́ la máa háyà.”

Ó sì háyà rẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n padà dé yàrá náà, ọkùnrin arúgbó kan ti jókòó sórí àga níwájú gbohùngbohùn, ó wọ kóòtù, ó ká ọwọ́ lérí orúnkún. Tísà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ni. Kò sí ọjọ́ tí ọkùnrin wa kì í lé e jáde nílé ìkàwé.

“Ẹ káàárọ̀, Tísà,” ó wí, ojú sì tì í.

“Ìtàn ogun kan ni mo ń kà nígbà tí ẹ lé mi kẹ́yìn,” Tísà wí. “Mi ò tíì mọ ta ló ṣẹ́gun títí di òní. Bí ẹ bá fẹ́ ikọ́ mi, ẹ ó jẹ́ kí n kà á tán.”

“Ìlànà ilé ìkàwé…”

“Mò ń gbọ́.”

“Ẹ ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn.”

“A ti parí ìdúnàádúrà,” Tísà wí, ó sì wúkọ́.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já lu orin bí ẹni tí wọ́n tì. Gìtá, ìlù, ohùn, gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, bisikíìtì sì bọ́ lọ́wọ́ obìnrin agbohùnsílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí inú ọkùnrin wa ti dùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Wọ́n kọ ẹsẹ àkọ́kọ́, wọ́n wọ ègbè, Tísà sì tún wúkọ́. Láìwo ara wọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n padà. Létí wọn, ikọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ orin, kò sì ní ìtumọ̀ mìíràn. Ní gbogbo ọjọ́ náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin kan náà títí tí ìka Jẹ́jẹ́ fi wú, wọn kò sì dé ìparí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu yìí. Láìsí ikọ́, orin kò lè bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀lú Tísà, orin kò lè parí.

“Ṣé ẹ ò lè mú un mọ́ra, Tísà?” Òpó wí.

“Ẹ̀yin ń sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mò ń wú u. Òun ló ń wú mi.”

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyí nígbà tí ìyàwó onílù mú gíláàsì ojú tí ọkọ rẹ̀ gbàgbé sílé wá fún un. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ikọ́ Tísà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó lọ tààrà, ó gbé etí lé ẹ̀yìn arúgbó náà, ó ní, “Láti ìgbà wo?”

“Ó ti pẹ́, ọmọ mi.”

“Ta ló ń tọ́jú yín?”

“Kò sí.”

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń gbé ìgò oògùn wá, tí yóò jókòó ti Tísà, tí yóò máa fún un ní ṣíbí kan láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Òpó ní kí ọkùnrin wa lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró ná. Ó lọ, ìyàwó rẹ̀ wò ó, ó ní, “Ẹ fẹ́ kí n fi èèyàn sílẹ̀ pẹ̀lú àìsàn nítorí gìtá?” Ó padà wá sọ fún Òpó pé òun ti bẹ̀ ẹ́.

Ohun tí kò sẹ́ni tó rò tẹ́lẹ̀ ni pé oògùn náà ló máa gbà wọ́n. Bó ti ń ṣiṣẹ́ ni ikọ́ Tísà ń jìnnà síra. Ní Ọjọ́rú, wọ́n lè kọ ẹsẹ méjì kí ó tó wúkọ́. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, orin bẹ̀rẹ̀, orin parí, ẹnu kò gba ìròyìn ayọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ló tún wú òmíràn, wọ́n sì bọ́ sórí orin kejì láìtíì nu òógùn. Ọjọ́ Ẹtì ló dára jù. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ìlera ń lé wọn bọ̀. Wọ́n ń sáré kọrin kí ọkùnrin náà tó yá. Àárín orin kan sí èkejì ń gùn sí i, Òpó yóò tẹjú mọ́ ẹnu Tísà bí ẹni ń dúró de ọkọ̀, ìyàwó onílù yóò sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, “Ẹ ò rí i? Ẹ ò rí bí àyà yín ṣe balẹ̀?”

Ní ọ̀sán Sátidé, orin kan ló kù, èyí tí onílù ti kọ́ Òpó àti Jẹ́jẹ́ níkọ̀kọ̀.

Tísà jókòó níwájú gbohùngbohùn, ara rẹ̀ ń dán. Ó gbìyànjú, ó fún ikùn, ó lu ara rẹ̀ láyà. Afẹ́fẹ́ mímọ́ ló ń jáde.

“Ẹ má bínú,” ó wí. “Ara mi ti yá ni.”

Àwọn ọlọ́ṣẹ ti dé, wọ́n ń kó páálí ọṣẹ wọn sí kọ́rídọ̀. Obìnrin agbohùnsílẹ̀ wò wọ́n láti inú dígí, ó wo onílù, ó wo aago. Òpó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn iná gìtá rẹ̀ yọ. “Àwo ti kún tó,” ó wí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. “Àti pé orin yẹn gùn, Oníkọ́.”

Ọkùnrin wa kò dìde nídìí ìlù. Ó di igi méjèèjì mú lórí itan. Bó bá jẹ́ èèyàn mìíràn, ì bá bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n bí yóò bá bẹ̀bẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí orin náà dá lé, ẹni tó dá lé lórí sì wà lórí àga, ó ń fi aṣọ nu ṣíbí.

“Ewo ló kù?” ìyàwó rẹ̀ béèrè.

“Ọ̀kan,” ó wí.

“Ti ta ni?”

Ó wo ilẹ̀. Òpó ń wo páálí ọṣẹ. Jẹ́jẹ́ ló gbé orí sókè.

“Tiyín ni, ìyàwó wa,” Jẹ́jẹ́ wí. “Ó kọ ọ́ nígbà tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀. Ó máa ń tijú.”

Wọn kò gbọ́ kí Jẹ́jẹ́ sọ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìyàwó onílù wo ọkọ rẹ̀. Ó la ẹnu láti dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti fi jókòó ti arúgbó oníkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́kẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó wúkọ́.

Orin bẹ̀rẹ̀. Òpó tó ti fa okùn iná náà dé ìdajì tì í padà sí àyè rẹ̀, ó la ẹnu, Jẹ́jẹ́ wọlé, ọwọ́ onílù sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn. Ikọ́ wo nìyẹn? Gbígbẹ ni àbí olómi? Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀? Ó fẹ́ dìde, kò lè dìde. Ẹni tó bá ti wọ inú orin lẹ́yìn ikọ́, kò sí ọ̀nà àbájáde àfi ìparí. Ó wá di pé kí ó yára dé ìparí náà. Orin tó kọ kó máa rìn bí ẹni tó gbé omi lórí, ó lù ú bí ẹni tí ilé ń jó. Òpó ń sáré tẹ̀ lé e, ó ń gbé ọ̀rọ̀ mì láìjẹ, Jẹ́jẹ́ ń fi ìka wíwú lépa wọn, ìyàwó rẹ̀ sì di ìgò oògùn mú láyà, ó ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó ń gbọ́ omi gbígbóná, ó ń gbọ́ òru tó fi tan Ọlọ́run ní ẹyọ kan péré, gbogbo rẹ̀ ń kọjá lọ fìrì bí òpó iná lójú ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Kò sì gbọdọ̀ wúkọ́ mọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bóyá nítorí ikọ́ tó ń mú mọ́ra ni, bóyá nítorí orin ni, obìnrin agbohùnsílẹ̀ kò lè sọ, òun ló sì ń wò ó tààrà.

Onílù lu ìkẹyìn, ó ju igi sílẹ̀, ó di ìyàwó rẹ̀ lápá mú. Wọ́n ti kọjá àwọn ọlọ́ṣẹ, wọ́n ti dé òpópónà, kí Òpó tó ké ohùn tó gbẹ̀yìn tán.

“Ẹ rọra, ẹ fẹ́ fà mí lápá já,” ìyàwó rẹ̀ wí.

“Wú u kí n gbọ́.”

“Mi ò wú u. Èmi kọ́ ni olórin.”

“Ìyá wọn, mo bẹ̀ ọ́. Ṣé ó ń dùn ọ́ láyà?”

“Ẹ̀yin ni mo fẹ́ bi,” ó wí, ó dúró. “Ṣé bí ẹ ṣe kọ ọ́ lẹ ṣe lù ú yẹn?”

“Rárá. Ó lọ jẹ́jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gùn.”

“Mo rò bẹ́ẹ̀. Mi ò gbọ́ ìdajì.” Ó fi aṣọ nu ojú, ó fi ọwọ́ kọ́ apá ọkọ rẹ̀. “Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ẹnu kọ ọ́. Ilé ṣì jìnnà.”

Ọkùnrin wa wo ọ̀tún, ó wo òsì. Èèyàn pọ̀ lójú títì. Ó la ẹnu, kò sì sí ohun tó jáde, ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, ó ń dúró.

“Kí lẹ ń dúró dè?” ó wí.

Kò dúró mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀.